Ẹ ka ẹja yín kí ẹ tó ra ajá

Bí ọ̀rọ̀ olè ẹja bá ti délẹ̀, ajá, ọgbà wáyà àti kámẹ́rà ni gbogbo wa máa ń sáré bá. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí olè bá jí ewúrẹ́, èèyàn á rí okùn tó já. Abẹ́ omi ni ẹja wà ní tirẹ̀, omi a sì padà bo ojú ara rẹ̀ lẹ́yìn olè. Ẹni tí kò mọ iye ẹja tó wà nínú adágún rẹ̀, wọ́n lè máa jí i kó fún oṣù mẹ́ta kó má mọ̀, títí dọjọ́ tó bá fa omi gbẹ. Ọjọ́ náà ló máa ń di ẹ̀bi ru ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó sì lè jẹ́ pé onítọ̀hún ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé kan àti bírò kan ló máa kọ́kọ́ gbà wá lọ́wọ́ olè. Ẹ kọ iye ọmọ ẹja tí ẹ dà sómi, iye tó ń kú lójoojúmọ́ (ẹ fojú ara yín rí òkú ẹja, ẹ má gba ìròyìn lásán), iye tí ẹ kó jáde, àti kílò oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Ká ní ẹ da 2,000 sí i, 150 kú, ẹ ta 600. Ó yẹ kó ku 1,250. Tí ẹ bá wá ka 900, 350 ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ké olè. Àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn. Èyí tó bá ti tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti kékeré á máa gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní rí òkú kankan. Lóru ọjọ́ tí òjò bá pọ̀, tí omi kún dé etí, àrọ̀ á wọ́ gba orí koríko tútù lọ. Bí nẹ́ẹ̀tì ẹnu páìpù tí omi ń gbà dà nù bá ya, ọmọ ẹja á bá a lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa kà wọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá ń ṣa ńlá kúrò lára kékeré, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra wọn. Tí wọ́n bá ti ju gíráàmù 200 lọ, tí wọ́n sì dọ́gba, jíjẹ ara wọn á dín kù gan-an.

Ẹni tí adágún rẹ̀ tóbi débi pé kò lè fa omi rẹ̀ lè ṣe é báyìí. Ẹ mú 100 ẹja, ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímọ́ gé ṣóńṣó lẹbẹ ìsàlẹ̀ kan lára ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá wọn padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ tún mú 100 láti ibi púpọ̀ nínú omi. Bí 10 nínú wọn bá ní àmì, ẹ sọ 100 di ọ̀nà 100, kí ẹ fi 10 pín in: bí ẹja 1,000 ló wà níbẹ̀. Kò péye tó kíkà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa pe 600 ní 1,000.

Oúnjẹ ló tètè ń tú àṣírí olè. Ẹja 1,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n gíráàmù 500 jẹ́ kílò 500. Tí wọ́n bá ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, kílò 15 lójúmọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá kó 300 lọ lóru, nǹkan bíi kílò 10 àtààbọ̀ ni àwọn tó kù máa jẹ, ìyókù á léfòó lórí omi. Òtútù, omi tó bàjẹ́ àti àìsàn náà ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹja, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò. Tí omi bá dára, tí ara ẹja le, tí oúnjẹ sì já wálẹ̀ láàárín àná sí òní, ẹ lọ wo etí adágún.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kí ìrì tó gbẹ. Ẹ wo koríko tó tẹ̀ sí ọ̀nà kan, ẹrẹ̀ tó rú, okùn ìwọ̀ tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò lábẹ́ omi. Ohun kan wà tí kò náni lówó: ẹ fọ́n iyanrìn sí gbogbo ibi tí èèyàn lè gbà wọlé, kó fẹ̀ tó mítà kan, kí ẹ máa gbá a pẹrẹsẹ ní ìrọ̀lẹ́. Bílẹ̀ bá mọ́, iyanrìn á sọ bóyá ẹsẹ̀ lásán ni tàbí bàtà, èèyàn mélòó ni, àti ẹsẹ̀ tó wọlé fẹ́rẹ́ tó jáde jinlẹ̀ nítorí ẹrù. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹja á dín, kò sì ní sí ẹsẹ̀ kankan lórí iyanrìn; ó lè jẹ́ pé inú ilé ni olè wà.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ fi kílò tí ẹja fi kún pín kílò oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Oúnjẹ tó dáa, kílò kan sí kílò kan àtààbọ̀ ló ń fi kílò kan kún àrọ̀. Bí ìṣirò yín bá ń bọ́ sí méjì àtààbọ̀, tí oúnjẹ ò sì bàjẹ́, yálà oúnjẹ ń gba ẹ̀yìn lọ tàbí ẹja ti jáde. Ẹ máa kó òfìfo àpò jọ kí ẹ máa kà á. Ẹ fi omi yẹ òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó tà: ẹ wọn korobá òfìfo, ẹ bu omi lítà 10 sí i, ó gbọ́dọ̀ fi kílò 10 lé.

Ẹja máa ń sọnù lọ́jọ́ ìkórè gan-an pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ kan á ju díẹ̀ sínú koríko, wọ́n á tẹ díẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n á padà wá lóru. Kí ẹnì kan máa kọ iye létí omi, kí ẹlòmíràn máa kọ tirẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ẹ rin inú koríko yí ká, ẹ má sì jẹ́ kí ẹrẹ̀ olómi sùn mọ́jú láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mègáàdì tí ẹ jẹ lówó oṣù méjì tí ẹ tún fi ṣọ́ adágún tó kún, ẹ ti dán an wò kọjá agbára rẹ̀. Ẹ san owó rẹ̀ lásìkò, kí ẹ sì so àjẹmọ́nú mọ́ iye ẹja tó bá yè.

Fún olè tó ń tìta bọ̀, mo gbà pé ọ̀pá inú omi ń ṣiṣẹ́ ju ajá lọ. Ẹ gún ọparun wọnú ẹrẹ̀ ní bíi mítà méjì síra wọn, láìtò wọ́n gbọọrọ, kí orí wọn wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sábẹ́ omi. Àwọ̀n tí wọ́n bá jù á há, èyí tí wọ́n bá ń wọ́ á ya. Àwọn kan ń kan ìṣó mọ́ ọn; èmi ò fara mọ́ ọn, òṣìṣẹ́ yín ló máa gún. Ẹ fi ẹ̀ka sílẹ̀ lára ọparun, ó tó. Ẹ kọ iye ọ̀pá sílẹ̀, torí èyí tí ẹ bá gbàgbé á ya àwọ̀n ẹ̀yin fúnra yín. Páìpù tí ẹ fi ń fa omi nílò ṣéènì àti àgádágodo, torí olè tó bá yọ ọ́ lóru á kàn dúró lẹ́nu rẹ̀ ni, á máa ṣa ẹja. Kí iná kọjú síta, kó má tan sórí omi fún olè. Ẹyẹ awó ń pariwo ju ajá lọ, ẹran olóró ò sì lè pa á lẹ́nu mọ́. Ní ti olè ìta, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó ṣáájú ìkórè àti òru òjò ló léwu jù.

Nípa májèlé tí olè lè dà sómi, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ inú omi bá tán, ìdájí ni ẹja sábà máa ń kú, àwọn ńlá ló sì máa ń ṣáájú; àrọ̀ tó ti dàgbà ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìyẹn kì í tètè pa á. Bí ńlá, kékeré, àkèré àti kòkòrò inú omi bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fura. Ẹ bu omi sínú ìgò mímọ́, ẹ kó ẹja díẹ̀ sí orí yìnyín fún àyẹ̀wò, kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fi fún ẹlẹ́dẹ̀.

Mo lòdì pátápátá sí kí a fi iná mànàmáná sára wáyà. Ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù kiri ló máa pa. Níbi púpọ̀, odò tí ará àdúgbò ti ń pẹja tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dí kí adágún tó rí omi, inú sì ń bí wọn. Ẹ fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún wọn, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n lè ra kílò kan, kílò méjì létí adágún, kí ẹ sì fún ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ jù ní nọ́ńbà tó máa pè bó bá gbọ́ ìró àwọ̀n lóru.