Àwọ̀ Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Dá Àkèré Òjò Mọ̀

Ẹni tó bá bá àkèré pàdé lórí ewé nínú igbó kìjikìji, fóònù ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Á ya ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán inú ìwé: "Ara rẹ̀ ṣe wúruwùru, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé gbígbẹ, òun gan-an nìyí." Ẹ rọra o. Tó bá kan àwọn àkèré òjò ìran Pristimantis tó ń gbé ní Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọ̀ àti ara gan-an ló ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ wo Pristimantis mutabilis, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ ní 2015. Orí òkè tí kùrukùru máa ń bò ní Ecuador ló ń gbé. Àwọn olùwádìí méjì, Katherine Krynak àti Tim Krynak, rí i lóru, tòun ti ẹ̀gún ṣóṣóró lára. Wọ́n dé e mọ́ inú ife kí wọ́n lè yà á lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ mọ́, ara àkèré ń dán bọ̀rọ́! Katherine rò pé òun ti ṣèèṣì mú òmíràn ni. Wọ́n kó ewéko wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lára igi tútù sínú ife náà, ẹ̀gún sì tún yọ. Nígbà tí wọ́n ká a sílẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 330 ló fi yí padà. Pristimantis sobetes náà ń dá irú àṣà yìí. Ẹni tó bá wá ya àkèré kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì lè búra pé méjì lòun rí.

Ti àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀yà kan náà, òmíràn ní ilà lẹ́yìn, òmíràn kò ní.

Kí làwọn tó mọ̀ ọ́n ń wò? Ọwọ́ ni. Ìka mẹ́rin ló wà níbẹ̀; lára ọ̀pọ̀ Pristimantis, ìka àkọ́kọ́ kúrú ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ Craugastor, ìran àkèré mìíràn tó jọ ọ́, àkọ́kọ́ ló gùn ju ìkejì lọ. Wọ́n á wo bí orí ìka ṣe fẹ̀ tó, bóyá awọ etí hàn lẹ́yìn ojú, àti àwọ̀ abẹ́ itan tí kì í hàn nígbà tí àkèré bá ká ẹsẹ̀ jọ. Fọ́tò ẹ̀yìn kò lè fi ìkankan nínú wọn hàn dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni igbe akọ, àti DNA, torí àwọn kan wà tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀ rárá.

(Ẹ má sì wá ọmọ wọn tó nírù nínú odò. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, àkèré kékeré ló ń jáde látinú ẹyin.)

Nítorí náà, tí fọ́tò yín kò bá bá àwòrán kankan mu, ẹ má tíì pariwo pé ẹ rí èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́, ikùn àti ọwọ́ rẹ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ̀yà tó wà nínú ìran yìí lé ní 500, àwọn onímọ̀ fúnra wọn máa ń kọ "Pristimantis sp." (ìyẹn ni pé Pristimantis ni, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹ̀yà tó jẹ́), wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.