Ẹ Ká Aṣọ Kúrò Lára Nọ́ńbà Ọkọ̀

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí Ojúde Ọba bá kó gbogbo wa jọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, a máa ń rí àwọn jíípù tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo nọ́ńbà wọn níwájú lẹ́yìn. Ọlọ́pàá á yà fún wọn, wọ́n á kọjá. Ó ti tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn níbẹ̀ tó sì sá lọ, tàbí tí ajínigbé fi ọkọ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ, nọ́ńbà ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀. Wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ojú á fi tètè gbá a mú: lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀; ẹni tó bá rí KJA mọ̀ pé Ìkẹjà ni. Ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì, tí kò mọ̀wé kà rárá, ṣì lè sọ pé pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé ọkọ̀ èrò ni. Búlúù ni ti ọkọ̀ àdáni, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. Aṣọ yẹn ló ń fọ́ ìyá náà lójú.

Àwọn kan ní ẹ̀rù ajínigbé ló ń ba àwọn. A gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ náà ni ajínigbé ń sá sí.

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò ní nọ́ńbà, ti kòrópe míì sì ti ṣá. Ìyẹn náà burú. Síbẹ̀, kí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti TRACE, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ Ògùn, má ti orí ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀. Kí ọlọ́pàá náà lè yẹ nọ́ńbà wò lórí fóònù níbi tó dúró sí, dípò "mú ìwé ọkọ̀ wá" tó ń dowó. Bí àkọsílẹ̀ bá ní Camry funfun ló ni nọ́ńbà, tí Sienna dúdú sì wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé e nìyẹn.

Ní Ojúde Ọba tó ń bọ̀, kí wọ́n dúró sí àbáwọlé ìlú. Jíípù tó bá faṣọ bo nọ́ńbà, kó tú u kó tó wọlé, ìbáà jẹ́ ti olóyè.