Ẹni Tó Kọ Orúkọ Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Àṣìkọ Ni Kó Tún Un Kọ

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ti yọ ọ̀rọ̀ onídùúró kúrò. Kò sì béèrè iye tó ń wọlé fún òbí mọ́. Ohun tó kù tí NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò ju kó fi hàn pé òun gan-an ni ẹni tí òun pe ara òun. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti àwọn tó wà ní Emmanuel Alayande University of Education àti Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́.

Ibi mẹ́rin ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́dọ̀ bára mu: NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, àkọsílẹ̀ JAMB, àjọ ìdánwò àti ìgbaniwọlé, àkọsílẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mátíríìkì (nọ́ńbà tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀), àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì) tó wà lẹ́yìn àkáǹtì báǹkì. Lójú wa, ọmọ kan náà ni Sulaimon àti Sulaiman. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni méjì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ibrahim àti Ibraheem, àti Oluwatobi tí wọ́n kọ pọ̀ níbì kan, tí wọ́n là sí méjì níbòmíràn. Ìbejì tó jẹ́ Taiwo lórí NIN, Taiye ni tíṣà kọ fún un ní pírámárì. Àwọn mìíràn ń lo orúkọ bàbá bàbá wọn nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ orúkọ tí bàbá wọn gan-an ń jẹ́ ni ẹni tó ṣe NIN fún wọn kọ. Ilé tí kò tíì fẹnu kò sórí orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rọ ni kò gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ sọ ni pé púpọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí kò ti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ẹ wo Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n sábà fi ń to orúkọ jọ ní ọ́fíìsì. Bí nọ́ńbà mátíríìkì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, bíi 012345, Excel á gé òdo iwájú dànù, á ku 12345, kọ̀ǹpútà tó ń wá 012345 á sì ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ti ọjọ́ ìbí tún burú ju ìyẹn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ 05/07/2005, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún oṣù keje. Bí ètò ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, á kà á sí ọjọ́ keje oṣù karùn-ún. Àmọ́ bó bá jẹ́ 25/07/2005 ni, kò lè yí i, nítorí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, á kàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì tó jọ jókòó ní kíláàsì kan náà, tí òṣìṣẹ́ kan náà tẹ orúkọ wọn, ti ọ̀kan á wọlé, ti èkejì á kọ̀, tí wọ́n á sì máa sọ pé ayé ló ń bá a jà. Kì í ṣe ayé. Kí òṣìṣẹ́ náà tó tẹ ohunkóhun, kó sọ ìlà òòró nọ́ńbà àti ti ọjọ́ ìbí di Text (ọ̀rọ̀ lásán), kó sì fi lẹ́tà kọ oṣù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ́ tán. Ẹni tó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta máa ń fi nọ́ńbà ọdún àkọ́kọ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ọdún tó fi rí ààyè wọlé ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó gba Direct Entry wọlé, ìyẹn ẹni tí kò gba ìdánwò UTME ti JAMB wọlé, ń fi nọ́ńbà UTME àtijọ́ kún fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní fi nọ́ńbà JAMB ṣe nọ́ńbà mátíríìkì fún ìgbà díẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wá fún un ní tuntun, kò lọ yí i padà. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi àkáǹtì ìyá wọn sílẹ̀ kí owó oúnjẹ lè bá wọn níbẹ̀. Kò lè ṣeé ṣe, nítorí BVN ìyá ló wà lẹ́yìn àkáǹtì náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó lórí àtúnṣe, kó kọ́kọ́ to ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀: slip NIN, ìwé ìgbaniwọlé JAMB, ohun tó wà lójú òpó ilé ẹ̀kọ́, àti orúkọ tí báǹkì ní lọ́wọ́. Kó kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan àlàfo àti àmì ìsopọ̀ àárín orúkọ. Bí NIN bá tọ̀nà, kó má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí oníkafé sọ pé ibẹ̀ ló yá jù. Àwọn mẹ́ta yòókù ni kó wá bá NIN. Ti báǹkì, inú báǹkì ni wọ́n ti ń tún un ṣe pẹ̀lú slip NIN, pàápàá fún obìnrin tó ti fi orúkọ ọkọ ṣí àkáǹtì. Ti ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì rẹ́jísítírà ni. Ti JAMB, ibùdó CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí, tàbí ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní kó kọ́kọ́ gbìyànjú ibùdó CBT.

Bó bá jẹ́ NIN ló ní àṣìṣe, òun ni kó kọ́kọ́ tún ṣe kó tó dé ibòmíràn. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan, orúkọ inú NIN ọjọ́ náà ló sì wọ inú ìwé JAMB. Ẹni tó bá wá yí NIN padà lẹ́yìn ìyẹn, kó má rò pé ti JAMB àti BVN á tẹ̀ lé e fúnra wọn. Ojú òpó àtúnṣe NIMC wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Kó má ṣe jẹ́ kí oníkafé lo nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì tirẹ̀ fún un, torí ibi tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ni kóòdù á máa lọ. Ọjọ́ ìbí ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí láti Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kọ́ọ̀tù, tí ọ̀pọ̀ òbí tọ́jú sínú àpótí, kò lè dípò rẹ̀.

Iye owó rẹ̀ ló mú wa bínú. Àtúnṣe orúkọ lọ́dọ̀ NIMC jẹ́ ₦2,000, kò pa èèyàn. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí di ₦28,574 láti ọdún 2025. Owó oúnjẹ tí NELFUND ń fún akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ₦20,000 lóṣù. Ẹni tí a fẹ́ yá lówó nítorí pé kò ní, a ní kó lọ wá owó tó ju oúnjẹ oṣù kan lọ kó tó lè tọrọ. A mọ̀ pé àwọn tó ń gé ọjọ́ orí wọn kù nítorí iṣẹ́ ìjọba àti bọ́ọ̀lù wà, kò sì yẹ kí ọ̀nà dẹrùn fún wọn. Àmọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ìwé ìbí rẹ̀ ti wà ṣáájú NIN rẹ̀, tí ìwé náà sì bá ti ilé ẹ̀kọ́ mu, kí ló fẹ́ gé? Ẹni tó tẹ ọjọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ló ṣì í tẹ̀. Kí NIMC tún ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan náà ni a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n lẹ orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ mọ́ ara pátákó ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ àti nọ́ńbà mátíríìkì nìkan. Ọjọ́ ìbí kì í ṣe ohun à ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kí kálukú yẹ tirẹ̀ wò lójú òpó. Ẹni tó bá mú slip NIN wá, kí wọ́n tún tirẹ̀ ṣe láì gba kọ́bọ̀, láì ní kó lọ búra ní kọ́ọ̀tù nítorí lẹ́tà kan tí akọ̀wé gbàgbé. Kí NELFUND náà máa sọ ohun tí kò bára mu ní pàtó fún akẹ́kọ̀ọ́, bóyá orúkọ àárín ni tàbí ọjọ́ ìbí, àti ibi tó ti yàtọ̀. Ìdáhùn tó kàn sọ pé àkọsílẹ̀ kò bára mu ń lé ọmọ kiri láti báǹkì dé kafé nígbà tó jẹ́ pé rẹ́jísítírà ló yẹ kó lọ bá.

Nítorí àtúnṣe NIN àti ti JAMB kì í ṣe ohun tó ń parí lọ́jọ́ kan, kí ilé ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú ẹ̀rí wá pé àtúnṣe òun ti wà lọ́nà ní ìwé tí yóò fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kí wọ́n sì má béèrè owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ̀yáwó náà yóò fi jáde.