Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí Àwọn Ọmọ Wa Má Kà ní Àgbádárìgì

Ohun tí mo gbọ́ níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ SS3 ka The Handmaid's Tale, ìwé tí Margaret Atwood, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1985, ni àwọn òbí bá yarí. Wọ́n ní ìwé ìṣekúṣe ni, wọ́n ní yóò kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oríkunkun sí ọkọ, bàbá kan tilẹ̀ sọ pé olùkọ́ náà fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo bi bàbá yìí bóyá ó ti ka ìwé ọ̀hún. Ó ní kí ni òun fẹ́ kà níbẹ̀.

Ìbá kà á ni, ìbá rí i pé ìtàn ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Gilead ni, níbi tí àwọn tí ó fipá gba ìjọba ti ka ìwé kíkà àti owó níní léèwọ̀ fún obìnrin, tí wọ́n sì ń pín àwọn tí ó lè bímọ káàkiri ilé àwọn ọ̀gá kí wọ́n lè máa bímọ fún wọn. Atwood sọ pé kò sí ohun tí òun fi sínú ìtàn náà tí ẹ̀dá kò tíì ṣe rí. Àwa ará Àgbádárìgì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wá wo ọjà ẹrú Vlekete, tí wọ́n ń wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Mobee láti wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń ti ẹrú lẹ́nu pa, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé wọn sọdá sí Gberefu, níbi kànga tí a ń sọ fún wọn pé ẹrú ń mu omi rẹ̀ kí ó lè gbàgbé ilé. Obìnrin tí ó bá ọ̀nà yẹn lọ, olówó rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, olówó náà ni yóò sì ni ọmọ tí ó bá bí. Ní South Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1740 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. A ń fi irin ẹnu han ọmọ ọdún mẹ́jọ láìsí òbí kan tí ó yarí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún ni a wá ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀!

Ẹni tí ó bá sì ní àṣà òyìnbó ni mo ń gbè lẹ́yìn, kí ó mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kó ìwé yìí kúrò.

Ìyá kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó béèrè pé bí ọmọ tí wọ́n ti fipá bá lò nínú ilé bá wà ní kíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń ka irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè, ta ni yóò bójú tó o, nígbà tí olùkọ́ náà nìkan wà fún gbogbo wọn, tí ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì ní agbani-nímọ̀ràn kankan. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún ìyá yẹn, olùkọ́ náà kò sì rí i.