Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló ń sọ̀rọ̀ ikú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ikú ni gbogbo òdòdó inú àwòrán àwọn ará Nẹ́dálándì àtijọ́ ń tọ́ka sí, mi ò bá yín débẹ̀. Lóòótọ́, ewé tó ń rọ àti eṣinṣin tó bà lé òdòdó ń ránni létí pé ayé ò tọ́jọ́. Túlíìpù, irú òdòdó kan tí wọ́n máa ń yà sínú àwòrán wọ̀nyí, wá ńkọ́? Kí ọjà rẹ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù kejì 1637, owó gọbọi ni wọ́n ń ná lórí isu rẹ̀ (ìyẹn ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń gbìn) kan ṣoṣo. Fáàrí ni ẹlòmíì ń fi ṣe! Èyí tó ní ilà aláràbarà tí wọ́n ń dù jù, àìsàn tó mú òdòdó náà ló fa ilà ọ̀hún (ẹ̀rín máa ń pa mí).

Ìgbà ìrúwé ni túlíìpù ń yọ, róòsì di ìgbà ooru, síbẹ̀ inú ìkòkò kan náà ni wọ́n wà nínú àwòrán. Àwọn ayàwòrán ní láti dúró de àsìkò òdòdó kọ̀ọ̀kan; abájọ tí ọ̀kan nínú wọn, Jan van Huysum, fi kọ ọdún méjì, 1736 àti 1737, sára àwòrán kan ṣoṣo, èyí tó wà ní National Gallery, ilé àfihàn àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ Rachel Ruysch, obìnrin ayàwòrán ará Nẹ́dálándì, abiyamọ ọlọ́mọ 10 tó ṣì ń ya òdòdó lẹ́yìn tó pé ọgọ́rin ọdún!