Ta ló sọ pé kò sí nǹkan kíkọ́ ní láàbù jẹ́nótáìpù?

Bí àsìkò IT, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta ilé ẹ̀kọ́, bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ Biochemistry: "Kí lèèyàn fẹ́ lọ kọ́ ní láàbù jẹ́nótáìpù? Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, wọ́n á kọ AA, AS tàbí SS sórí ìwé, ó parí." Àwọn mìíràn á ní ti dókítà ni ọ̀rọ̀ jẹ̀nẹ́tíìkì, kí ọmọ àwọn wá ilé iṣẹ́ epo lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń dùn mí, torí àwọn ọmọ tí iṣẹ́ ìlera ń wá lójú méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń lé sá.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà. Wọ́n á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kí haemoglobin, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen kiri inú ara, lè jáde, wọ́n á kán an sórí bébà cellulose acetate tó ti rin nínú omi èlò láàbù tí wọ́n ń pè ní buffer, wọ́n á wá jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́tà jẹ́nótáìpù ló ń sọ irú haemoglobin tí èèyàn jogún, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Haemoglobin A ló máa ń sáré jù lórí bébà náà, S á tẹ̀ lé e, C á wà lẹ́yìn. Ó jọ pé ó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n ibi tí S ń dúró gan-an ni haemoglobin D náà ń dúró, E sì máa ń bá C dúró. Láàárín àwa Yorùbá, C kì í ṣe àjèjì. Bí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ SC, fòníkú-fọ̀ladìde sì ni SC náà.

Ibi tí ẹ̀rọ ti nílò èèyàn nìyí. Sẹ́ẹ̀lì pupa lè lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ AA sí ọmọ SS lára lóṣù tó kọjá, A àti S ni yóò hàn lórí bébà, bíi ti AS. Ẹ̀rọ ò lè béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ pé kí òun tó mú abẹ́rẹ́, kí òun kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́ yìí?" ló máa gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ èsì èké. Bákan náà ni ọmọ tuntun: F, haemoglobin ti ọmọ inú oyún, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá kánjú kà á lè ṣìnà.

Lẹ́yìn láàbù, yàrá ìmọ̀ràn ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n jókòó sí. Tọkọtaya AS á wọlé, ọkọ á ní, "Wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin. A ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tó kù á dáa." Ẹ gbọ́ bí olùdámọ̀ràn ṣe ń dáhùn: "Rárá sà. Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lákọ̀tun. S kan wá látọ̀dọ̀ yín, S kan látọ̀dọ̀ ìyàwó yín." Ìyàwó tí wọ́n ti ń dá lẹ́bi nílé á gbé orí sókè. Ìwé wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ ní irú èyí?

Ní ti "ti dókítà ni," ní ilé iṣẹ́ ìlera NHS ní Britain, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè gba ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú owó oṣù, láti di olùdámọ̀ràn nípa jẹ́ẹ̀nì. Nílé níbí, Sickle Cell Foundation Nigeria tó wà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tó dojú kọ ilé ìwòsàn LUTH, ń kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn pẹ̀lú.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ o: IT kò sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀ láàbù tó ní ìwé àṣẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ buwọ́ lu èsì. Àwọn láàbù kan wà tí ìgò fífọ̀ nìkan ni wọ́n á fi ọmọ sí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé lẹ́tà lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ọjọ́ kíníìkì fún àwọn aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àti bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ìbéèrè tí aláìsàn béèrè sínú logbook, ìwé tí ẹ fi ń kọ iṣẹ́ IT yín sílẹ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kẹ́ ẹ sì ní kí ọ̀gá yín ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀.