Olówó Ṣẹ̀, Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ń Jìyà

Lọ́sàn-án Sátidé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí bọ́ọ̀lù parí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì Arsenal tó ti ṣí ti gun orí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka ka owó fún gbogbo ilé: iye tí wọ́n ra lágbájá, iye tí wọ́n fẹ́ ta tàmẹ̀dù, ọdún tó kù nínú àdéhùn ẹnì kẹta. Ọmọ Chelsea kan ń jágbe mọ́ ọn láti ẹ̀yìn pé ọ̀rọ̀ owó kọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kò mọṣẹ́, kí wọ́n ti lé e lọ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ìyá tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jókòó, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ríran. Wọn ò gbọ́. Títí jẹnẹrétọ̀ fi kú, PSR ni wọ́n ń fà.

Àwọn agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó ló ni lẹ́tà mẹ́ta yìí tẹ́lẹ̀. Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́kadà báyìí. Profitability and Sustainability Rules ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń sọ kò ṣòro: títí dé sáà 2025/26, Premier League ní kí ẹgbẹ́ kankan má pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́ọ̀nù lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Owó tí wọ́n bá fi kọ́ pápá, èyí tí wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké àti èyí tí wọ́n ná sórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kò sí nínú ìṣirò náà. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá ààlà, wọ́n lè yọ nínú àmì (pọ́íǹtì) tó ti fẹsẹ̀ wá lórí pápá.

Ibi tí àwa dúró sí nìyí. Òfin náà dára, kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ná ìnákúnàá kọ́ ni ìyà ń bá. Olówó ẹgbẹ́ ló ń ná an, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn alátìlẹ́yìn ló ń san án. Àwa tá a sì ń pariwo “Ẹ lé e!” láti orí bẹ́ǹṣì, à ń bá olówó náà sápamọ́ ni.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa òfin yìí rẹ́, kó rántí Portsmouth. Ọmọ Nàìjíríà tiẹ̀ kọ́ ló yẹ kó gbàgbé wọn. Ní Wembley, lóṣù karùn-ún ọdún 2008, Kanu Nwankwo ló jẹ ayò kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Cardiff City, tí wọ́n sì fi gba ife FA. Inú wa dùn nílé bí ẹni pé Kánò ni Portsmouth wà. Ohun tí a ò mọ̀ nígbà náà ni pé owó tí wọ́n fi kó ẹgbẹ́ yẹn jọ, agbára wọn ò gbé e. Oṣù kejì ọdún 2010 ni gbèsè da aṣọ bò wọ́n, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àwọn alábòójútó gbèsè lọ́wọ́, ẹgbẹ́ Premier League àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí. St John Ambulance, àwọn tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti tọ́jú ẹni tó bá fara pa, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó. Wọ́n yọ àmì 9 lára tiwọn, Portsmouth sì já kúrò nínú Premier League. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún já, wọ́n tún já, títí wọ́n fi balẹ̀ sí ìpele kẹrin lọ́dún 2013. Ta ló wá kó wọn nílẹ̀? Àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn ni, tí wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n ra ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn. Ọdún 2024 ni Portsmouth ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ìpele kejì. Ọdún 16 lẹ́yìn ayò Kanu.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òfin wà. Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ kan ní Everton fi mílíọ̀nù 19.5 pọ́ọ̀nù kọjá ààlà, ni wọ́n bá yọ àmì 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí Manchester United wá bá wọn gbá ní Goodison Park lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Everton na káàdì aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ sókè, kìnnìún Premier League wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i: oníwà ìbàjẹ́. Wọ́n pè ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmì 10 di 6 lóṣù kejì ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n tún yọ 2 fún ọdún ìṣirò tó tẹ̀ lé e.

Sean Dyche ló ń kọ́ wọn nígbà náà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ìṣirò owó tí wọ́n fi yọ àmì 10 yẹn, sáà 2021/22 ló parí sí. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Dyche dé Everton. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ra ọjà. Òun ni wọ́n ní kó gbé ẹrù náà dé etí odò, ó sì gbé e: lẹ́yìn àmì 8 tí wọ́n yọ, Everton ṣì parí sáà pẹ̀lú 40, wọ́n dúró sí ipò 15. Ká ní ojú pápá nìkan ni wọ́n wò ni, àmì 48 ni. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn, bí Everton bá ti pàdánù lọ́jọ́ Sátidé, kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí wọn ò ti ní bú Dyche pé bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ gbígbẹ ló ń gbá. Ó lè gbẹ lóòótọ́. Wọn ò fún un ní omi.

Farhad Moshiri ra ìpín nínú Everton lọ́dún 2016. Láti ìgbà yẹn dé ọdún 2023, ẹ bá mi ka àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n gbà síṣẹ́: Koeman, Allardyce, Silva, Ancelotti, Benitez, Lampard, Dyche. Méje, ká má ka àwọn tó kàn di àga mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni kan bá dé, yóò ní àwọn tí òun bá níbẹ̀ ò bá òun lára mu, wọn á ra tiẹ̀ fún un. Kó tó kọ́ wọn mọ ara wọn, wọ́n ti ní kó máa lọ, èyí tó rọ́pò rẹ̀ náà yóò tún ní kí wọ́n ra tòun. Bí gbèsè ṣe ń pọ̀ nìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa alátìlẹ́yìn, torí ariwo “Ẹ lé e!” náà ní iye owó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n bá lé kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ san nǹkan fún un, owó náà yóò sì wọ inú ìwé ìṣirò kan náà tí PSR ń wò. Manchester United fi ọdún kan kún àdéhùn Erik ten Hag lóṣù keje ọdún 2024, wọ́n lé e lóṣù kẹwàá. Lílé tí wọ́n lé òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ná wọn ju mílíọ̀nù 10 pọ́ọ̀nù lọ. Láàárín sáà yẹn náà ni wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù di 66 pọ́ọ̀nù, tí wọn ò dín in fún ọmọdé, tí wọn ò dín in fún àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá rò pé nǹkan méjèèjì ò jọ tan, kó bi bàbá tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Old Trafford.

Nottingham Forest nìkan ni àánú wọn ò ṣe wá púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wa wà níbẹ̀ nígbà náà: Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, àti Ola Aina. Torí pé ìpele kejì ni wọ́n ti ń bọ̀, mílíọ̀nù 61 ni ààlà tiwọn. Wọ́n fi 34.5 kọjá rẹ̀, wọ́n sì pàdánù àmì 4 lóṣù kẹta ọdún 2024. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé àwọn fẹ́ ta Brennan Johnson, pé bí àwọn bá tà á kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà tó pé, owó pọ́ọ́kú ni, àwọn wá dúró dìgbà tí ọjà fi ń tì, Tottenham sì san mílíọ̀nù 47.5. Lóòótọ́, kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa gbọ́ irú èyí kó dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 20 láàárín oṣù mẹ́ta lọ́dún 2022 mọ̀ pé ọjọ́ sísan ń bọ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pa ìwé ìṣirò dé, ó sì ti sọ àwọn ẹgbẹ́ di ẹni tó ń ta ọmọ bíbí inú. Ẹ wo bó ṣe ń rí. Bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù ní mílíọ̀nù 100, tó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 20 péré ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá wá ta ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́ ní mílíọ̀nù 30, gbogbo ọgbọ̀n náà ni èrè, lọ́dún yẹn, torí wọn ò rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àjòjì wọ́n lọ́jà, kò wọ́n nínú ìwé. Ọmọ ilé tí wọn ò rà ní kọ́bọ̀ ló wá dùn-ún tà jù.

Bí Elliot Anderson ṣe kúrò ní Newcastle nìyẹn. Whitley Bay, létí òkun, nítòsí Newcastle níbẹ̀, ni wọ́n ti bí i, kékeré ló sì ti wà lọ́dọ̀ wọn. Lópin oṣù kẹfà ọdún 2024, nǹkan bí mílíọ̀nù 35 pọ́ọ̀nù gbé e lọ sí Forest. Eddie Howe, akọ́nimọ̀ọ́gbá Newcastle nígbà náà, ò fẹ́ kó lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Anderson ti ń gbá fún England. Láyé àwọn bàbá wa, bí gbèsè bá wọ ènìyàn lọ́rùn, ó lè fi ọmọ sọfà, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ṣì ní ọjọ́ tó ń padà sílé bí wọ́n bá sanwó tán. Ọ̀sẹ̀ tí àárín pápá Newcastle bá sì ṣófo, ta ni ariwo ń lọ bá? Howe ni, kì í ṣe ẹni tó di kálámù mú.

Àwọn olówó ńlá ní ọ̀nà mìíràn. Chelsea ta hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stamford Bridge ní mílíọ̀nù 76.5 pọ́ọ̀nù. Ta ló rà á? Ilé iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti àwọn olówó Chelsea kan náà. Wọ́n mú owó lápò ọ̀tún, wọ́n kó o sápò òsì, wọ́n ní àwọn jèrè, Premier League sì ní kò burú. UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, ò ka irú èrè bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Lóṣù keje ọdún 2025, wọ́n ní kí Chelsea san mílíọ̀nù 31 yúrò ìtanràn lórí ìṣirò owó wọn. Manchester City ní tiwọn, oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n ti ka ẹ̀sùn tó lé ní 100 sí wọn lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn ò ṣe é, a ò sì sọ pé wọ́n ṣe é. Àmọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, Everton ti jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti pè ẹjọ́, wọ́n ti jìyà tán.

Àwọn ẹgbẹ́ dìbò lóṣù kọkànlá ọdún 2025 pé láti sáà 2026/27, kí ohun tí ẹgbẹ́ ń ná sórí agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá má kọjá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí bọ́ọ̀lù mú wọlé. Mẹ́rìnlá nínú ogún ló gbà á. Ó sàn ju ti àtijọ́ lọ, ọjà hòtẹ́ẹ̀lì kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Àmì yíyọ ṣì wà nínú ìyà rẹ̀ ṣá, ohun tá a sì lòdì sí nìyẹn. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí olówó tó bá fẹ́ ná ju agbára ẹgbẹ́ lọ kó owó ara rẹ̀ kalẹ̀, owó tí kò ní í rí gbà padà. Bó bá rú òfin, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gba àga lábẹ́ rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e dé ẹgbẹ́ yòówù tó bá tún fẹ́ rà. Moshiri ti ta Everton lóṣù Kejìlá ọdún 2024, ó ti lọ. Kò sí àmì kankan tí wọ́n yọ lára rẹ̀. Kí wọ́n sì sọ fún aráyé, lóṣù kẹjọ, iye tó kù tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ná, ká lè mọ ohun tá a fi ń dá a lẹ́jọ́.

Àwọn ará Everton kan ti já a tipẹ́. Lóṣù kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn tí Southampton nà wọ́n nílé, wọn ò kúrò lórí ìjókòó nígbà tí bọ́ọ̀lù parí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń kọrin sí àwọn alákòóso.

Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ padà ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ yẹn, a sún mọ́ ọmọ Chelsea wa. Ó mọ iye tí wọ́n ta hòtẹ́ẹ̀lì, kò fi kọ́bọ̀ kan ṣì í. A bi í léèrè, ẹgbẹ́ tí owó ìjọba ń bọ́ nílé wa ńkọ́, tí òun náà ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní sáà tó kọjá, èló ni wọ́n ná lọ́dún náà? Ó wò wá lójú fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ta ni kí n bi?”